Bàtà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìtàn

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, aago ọwọ́ kan wà nínú yàrá mi tí kì í ṣe tèmi. Mo fi sọ́ọ̀kì wé e, mo sì tì í sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tí mo ń kó aṣọ òtútù sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí mi ò lè ṣí dúrọ́ọ̀ náà láìkọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Kì í ṣe pé ìwà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dára ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ló pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn òǹkàwé ti dìbò, wọ́n sì ti mú ìtàn kan pé òun ló dùn jù nínú gbogbo ìtàn ọ̀daràn tí a ti tẹ̀ jáde. Ó ní òun fẹ́ tún un tẹ̀ nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn lórí fóònù, ó ń kí mi kú oríire. Ṣe ni èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà" ni orúkọ ìtàn náà. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó ti ba orúkọ ènìyàn kan jẹ́ nígbà kan, mi ò sì lè jókòó kí n máa wò ó kó tún un bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní Houston yìí. Ilé wa sún mọ́ Sugar Land tí àwọn olówó ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe Sugar Land. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ kì í jẹ́ ká gbàgbé ìyàtọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ti ṣaláìsí. Èmi àti ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, Dámilọ́lá, la jọ ń gbé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ ìtàn. Akọ̀wé ni wọ́n ní ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n a sì máa ra ìwé ìròyìn tó ń gbé ìtàn ọ̀daràn kéékèèké jáde. Tí wọ́n bá ti kà á tán, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ìwé tó kẹ́yìn pa, wọ́n á wá gbé e fún àwa ọmọ. Kò sẹ́ni tó máa ṣí i àfi tí oníkálukú bá ti dárúkọ ẹni tó rò pé ó jalè. Tí o bá dárúkọ, wọ́n á bi ọ́ pé, "Kí lo rí?" Tí o bá ní o kò rí nǹkan kan, o kàn fura ni, wọ́n á ní kí o lọ jókòó.

Eré yẹn náà ni mo gbé wọ inú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ ó rántí. Ìdajì ìtàn máa ń jáde lóṣù kan, ẹ óò fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ẹni tí ẹ fura sí, ìdajì kejì á wá jáde lóṣù tó tẹ̀lé e. "Ẹlẹ́rìí" ni orúkọ tí mo ń fi sábẹ́ rẹ̀. Olóòtú nìkan ló mọ̀ pé èmi ni. Bí a bá ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí a jókòó síbi oúnjẹ, èmi á máa gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń jà lórí ìtàn mi, èmi náà á wá ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ má bínú, ó máa ń dùn mọ́ mi gan-an.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé gbọ́dọ̀ rí i. O lè gbé e sáàárín ẹrù mìíràn, o lè fi ẹ̀rín bò ó, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti yan òǹkàwé jẹ. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ̀wé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rú òfin yìí, òun ni mo sì ń jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọlé. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ni a fi ṣe ilé àdúrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ freeway, a sì kan pákó tí a ń to bàtà sí mọ́ ara ògiri níta, lábẹ́ ìbòji. Tí o bá ti pẹ́ nínú ìjọ wa, kò dìgbà tí o bá wọlé. Bàtà ni wàá wò, wàá ti mọ ẹni tó wà nínú ilé.

Ní Sátidé kan, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo gbé àbẹ́là lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án kí n tó kọjá sí ibi iṣẹ́. Bàtà oníṣẹ́ onílẹ́ẹ̀sì ni mo wọ̀, mi ò sì ráyè máa tú u. Mo gbé àbẹ́là sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yíjú padà. Bàtà méjì ni mo rí lórí pákó náà. Ọ̀kan jẹ́ sálúbàtà aláwọ̀ igi, tí wọ́n fi òwú búlúù rán okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ti Bọ́sẹ̀ nìyẹn, òun ló máa ń gbá ilé àdúrà ní Sátidé. Ìkejì jẹ́ kánfáàsì funfun tó ní okùn àwọ̀ ewé. Ti Dámilọ́lá ni. Òun náà sì ti sọ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ilé ìkàwé lòun ń lọ.

Mo rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni Màmá Ìjọ wa figbe ta. Màmá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbogbo wa ló ń pè wọ́n ní Màmá, ọwọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa ti jẹ oúnjẹ àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Wọ́n ní aago wúrà tí ọkọ wọn rà fún wọn nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ti sọnù. Wọ́n ní àwọn bọ́ ọ sórí tábìlì nínú yàrá ìmúra lálẹ́ ọjọ́ Fúráìdé nígbà tí wọ́n fẹ́ fọwọ́, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n sunkún débi pé ìsìn dúró. Aago náà kéré, kò tó èékánná àtàǹpàkò, ṣùgbọ́n ọkọ wọn ti kú, òun ló sì kù fún wọn.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Dámilọ́lá wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n mú un ní mall pẹ̀lú ọ̀dà ètè tí kò sanwó rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀, mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọmọ tí mo bí. Onífura ni mí láti ilẹ̀ wá. Bí nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi bá ní òun ti fún aláìsàn ní oògùn, èmi á tún lọ ka hóró tó kù.

Nítorí náà, mo tú yàrá rẹ̀. Mo wo abẹ́ tìmùtìmù, mo wo àpò ṣòkòtò, mo da báàgì ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí ìgò lọ́fínńdà tuntun kan, mo gbé e sọ́wọ́, mo ń rò ó pé níbo ló ti rí i. Ibẹ̀ ló bá mi.

"Mummy, what are you looking for?"

"Kò sí. Mò ń wá sọ́ọ̀kì mi ni."

Ó wò mí, ó wo lọ́fínńdà ọwọ́ mi. "Okay," ó kàn wí bẹ́ẹ̀, ó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ni ó yẹ kí n bi í lọ́jọ́ náà. Mi ò lè bi í, nítorí mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, alàgbà kan dábàá pé kí a pe gbogbo ọ̀dọ́ tó mọ nọ́ńbà tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kí a bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Dámilọ́lá mọ̀ ọ́n, nítorí pé òun ló ń tẹ dùùrù. Inú mi kò balẹ̀ mọ́. Mi ò lè jẹun. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni olóòtú tẹ̀ mí láago pé òun ń retí ìtàn oṣù.

Inú ọkọ̀ mi ni mo ti kọ ọ́, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Kò gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ. Mo ní ẹ̀gbà ọrùn sọnù nínú ilé àdúrà kan. Mo ní Sájẹ́ǹtì Bánjọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi tí ẹ fẹ́ràn, béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta omi pé bàtà wo ló wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ní bàtà ẹyọ kan ni. Sálúbàtà aláwọ̀ igi, tí wọ́n fi òwú búlúù rán okùn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

Ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́. Mo yọ kánfáàsì ọmọ mi kúrò.

Ó pẹ́ tí mo fi ń tan ara mi pé mi ò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn, pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni mo kọ sílẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ̀. Òwú pupa wà, òwú dúdú wà. Mo lè fi bàtà onígìgísẹ̀ sí i. Mo mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń kàwé. Àwa kì í ka ìtàn kí a gbà pé ìtàn ni. "Ta ni wọ́n ń bá wí?" la kọ́kọ́ ń béèrè. Bí oníwàásù bá sọ̀rọ̀ ojúkòkòrò, a ó ti máa wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń tẹrí ba. A gbà pé ẹni tó bá ní ohun tí kò lè là mọ́lẹ̀ ló ń fi ìtàn bò ó. Ohun tí mo mọ̀ yìí ni mo lò.

Ọjọ́ Sọ́ńdè tí ìdajì àkọ́kọ́ jáde, mo jókòó pẹ̀lú àwo mọ́ínmọ́ín mi. Sister Fúnkẹ́, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ti ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹni tó kọ nǹkan yìí, insider ni o. Ó mọ nǹkan."

"Abi? Òwú búlúù yẹn nìkan ti tó," ẹnìkan dáhùn.

"Me, I no go call name o. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la lójú."

Wọ́n bi mí pé kí ni mo rò. Mo ní mi ò tíì kà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bọ́sẹ̀ jẹ́. Mo ń dárúkọ rẹ̀ ní gbangba nítorí pé gbangba ni a ti bà á jẹ́. Ó tó ẹni ọdún méjìdínlógójì nígbà náà. Kò ní ẹbí kankan ní Texas. Ilé Màmá ló ń gbé, òun ló ń wẹ̀ fún wọn, tó ń fún wọn ní oògùn, tó ń wa ọkọ̀ gbé wọn kiri. Ojú Màmá kò ríran kàwé mọ́, nítorí náà Bọ́sẹ̀ náà ló máa ń ka ìwé ìròyìn sí wọn létí. Lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni Màmá sọ fún mi pé òun náà ló ka ìtàn mi fún wọn. Wọ́n ní nígbà tó dé ibi òwú búlúù, ó dákẹ́. Wọ́n rò pé fóònù rẹ̀ ló dún. Lẹ́yìn náà ó ń kà á lọ, ó kà á títí dé òpin.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìtàn jáde tí Bọ́sẹ̀ fi wá sílé mi. Ó gbé ọ̀jọ̀jọ̀ wá nínú kúlà kékeré kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe, mo ní kó dìde, kò dìde.

"Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yin lẹ mọ olóòtú. Ẹ bá mi sọ fún un kó bá mi bẹ ẹni tó kọ ọ́. Kó kàn sọ pé kì í ṣe èmi lòun ń bá wí. That's all, ma."

"Ìtàn lásán ni, Bọ́sẹ̀. Má jẹ́ kó dùn ọ́."

"Wọ́n ti ń gbé báàgì wọn wọlé tí mo bá dé ibi bàtà, ma. Èmi náà rí wọn."

Mo fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Mo ní màá bá olóòtú sọ̀rọ̀. Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀ náà lẹ́yìn tó lọ.

Ìdajì kejì kò tíì jáde. Ó wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi olè náà ṣe ọkùnrin tó ń tún iná ṣe. Mo lè ní ẹ̀gbà ọrùn náà bọ́ sẹ́yìn àga. Olóòtú pàápàá pè mí, ó ní, "Àǹtí, ìtàn lásán nìyí, àbí? Because people are calling me." Mo ní ìtàn lásán ni. Bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ yẹn ni alàgbà náà sọ pé kò sídìí láti tún pe àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo sùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo fi ìdajì kejì ránṣẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Ẹni tó ni sálúbàtà ló jí i.

Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan Bọ́sẹ̀ lójú. Kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. A kì í bínú, a kàn máa ń sún sẹ́yìn ni. Ó ra bàtà tuntun, àwọn kan ní ẹ ò rí i pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ọmọ Màmá, ẹnjiníà tó ń gbé ní Spring, wá lọ́jọ́ kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú Màmá. Bọ́sẹ̀ kó lọ sí Baytown. Mo gbọ́ pé ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò wá sí ìjọ wa mọ́.

Èmi ṣì ń kọ ìtàn fún oṣù márùn-ún sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, mo jáwọ́. Nínú ilé, mo ń ṣọ́ Dámilọ́lá. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Tó bá ra nǹkan tuntun, màá bi í pé èló ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú yàrá rẹ̀, nígbà tó sì ríṣẹ́, ó gba apartment tirẹ̀.

Oṣù tó ṣáájú èyí tó kọjá ni Màmá kú. Àwa obìnrin ìjọ lọ bá àwọn ọmọ wọn to ẹrù wọn. Àwọn yòókù wà ní ilé ìdáná, èmi nìkan ni mo wà nídìí àpótí aṣọ. Mo gbé sútánà àtijọ́ kan, mo rí i pé ó wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo yẹ etí rẹ̀ wò. Pínnì wà níbẹ̀, áńkáṣíìfù wà lára pínnì, wọ́n ti dì í kókó. Mo tú u. Aago náà ló wà níbẹ̀.

Mo ti ń tọ́jú àgbàlagbà láti ogún ọdún, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá nígbà náà, wọ́n sì máa ń fi nǹkan pamọ́ fún olè tí kò sí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dì í mọ́ sútánà kí ó má baà sọnù, wọ́n sì gbàgbé. Aago náà kò kúrò lára aṣọ wọn rí. Bọ́sẹ̀ kò mú un. Ọmọ mi kò mú un.

Ó yẹ kí n pariwo. Ó yẹ kí n sáré lọ sí ilé ìdáná. Mo rò ó pé bí wọ́n bá rí aago yìí, wọ́n á ní, "Ta ló wá kọ ìtàn yẹn?" Mo gbọ́ ohùn Sister Fúnkẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bọ̀. Mo ti aago náà bọ inú aṣọ ní àyà mi. Ó wọlé, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti rí nǹkan gidi níbẹ̀?" Mo ní aṣọ lásán ni.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí títí di ọjọ́ yẹn. Èmi ni àkọ́kọ́.

Bọ́sẹ̀ wá síbi ìsìnkú. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mò ń kí àwọn àlejò. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà débi pé ilẹ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí ń jó ẹsẹ̀ nínú bàtà. Mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́nà jíjìn, lẹ́sẹ̀ lásán, tó ń gba orí ilẹ̀ gbígbóná yẹn bọ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ma. Ẹ kú ìnáwó Màmá."

"Bọ́sẹ̀, bàtà rẹ ńkọ́?"

"Ó wà nínú mọ́tò, ma. Ó sàn bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó gbà pé mo ti bá olóòtú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aago náà wà nínú báàgì tó wà ní apá mi. Mo ṣe bí ẹni tó ń sunkún Màmá.

Lẹ́yìn tí olóòtú pè mí ni mo lọ sí apartment Dámilọ́lá, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í ní ìbéèrè tí mi ò bi í láti ọdún mẹ́rin. Kí ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà?

"I was praying, Mummy. Mo fẹ́ fail chemistry. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ má lọ sọ ọ́ di ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje."

Ó wá ní, "So ẹ kọ odindi story, so you wouldn't have to ask me one question."

Kò bínú sí mi bí mo ṣe rò. Ó bi mí nípa Bọ́sẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó ti mọ̀. Mo ní rárá. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi, ó ní tí mo bá ti sọ fún Aunty Bọ́sẹ̀, kí n padà wá.

Mo wa ọkọ̀ dé Baytown lọ́jọ́ kejì. Mo rí ilé rẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì, mo ń wo fèrèsé, mo sì ń fura sí ara mi pé ìdáríjì ni mo wá gbà, kì í ṣe pé mo fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Bí ó bá dárí jì mí ní kọ̀rọ̀, èmi á sinmi, àwọn ènìyàn á sì máa gbé báàgì wọn wọlé bó ti wù kó rí. Mo padà sílé. Mo pe olóòtú pé kó yọ "Bàtà Ẹnu Ọ̀nà" kúrò, kó sì fi ìwé yìí sí àyè rẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó pè mí padà. Ó wá ní òun yóò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé aago náà lọ fún ọmọ Màmá ní Spring, kí ó lè fúnra rẹ̀ lọ bẹ Bọ́sẹ̀? Àbí kí n dúró níwájú ìjọ, kí n gbé e sókè kí gbogbo ojú rí i? Bí ẹ bá ní kí wọ́n lé mi kúrò nínú ìjọ, mi ò ní jiyàn. Bọ́sẹ̀, bí o bá ń ka èyí, èmi tí o kúnlẹ̀ fún lọ́jọ́ náà ni "Ẹlẹ́rìí." Má dárí jì mí nítorí àwọn ènìyàn. Ṣe é nígbà tí ó bá wù ọ́, tàbí kí o má ṣe é rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ dárúkọ ẹni tó ni sálúbàtà nígbà náà, olóòtú kó gbogbo rẹ̀ fún mi, èmi ni mo sì dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sí yín pé, "Ẹ kú làákàyè, ẹ ti mú olè náà." Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá dárúkọ Bọ́sẹ̀ fún nígbà yẹn, lórí fóònù, nínú ọkọ̀, níbi oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ dárúkọ Bọ́sẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì sọ pé kò mú nǹkan kan.